Àkọsílẹ̀ àtúnṣe: ọ́ìlì tówó rẹ̀ mọ níwọ̀n fún ọ̀kadà Bọ̀dá àti sikúútà Àǹtí

Ohun tó ń ṣe ọ̀kadà náà

Ọ̀kadà tó wà nílẹ̀ yìí jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn oníṣáínà tí wọ́n fi ẹ́ńjìnì wọn wo Honda CG125: sìlíńdà kan, 125cc, jíà márùn-ún, afẹ́fẹ́ ló sì ń tu ẹ́ńjìnì rẹ̀ lára. Bọ̀dá mi tí wọ́n ń dáko ní Lálúpọn ni wọ́n ni ín. Òun ni wọ́n fi ń kó gàrí wọ Ìbàdàn. Àròyé wọn ni pé tí ẹrù bá ti wà lẹ́yìn rẹ̀, tó sì kan òkè, ẹ́ńjìnì á máa ké, ọ̀kadà ò sì ní lọ. Mẹkáníìkì kan lọ́nà oko ti ní pléètì kílọ́ọ̀ṣì ló jẹ tán, kí wọ́n lọ ra odindi sẹ́ẹ̀tì tuntun. Bọ̀dá ní kí n bá wọn wò ó ná kí owó tó jáde.

Wáyà kílọ́ọ̀ṣì ni mo kọ́kọ́ wò. Tí wáyà bá le jù, pléètì ò ní lè di ara wọn mú dáadáa, yóò máa yọ̀. Ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì gbọ́dọ̀ ní àyè díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa nǹkan, bíi mílímítà 10 sí 20 tí ẹ bá wọ̀n ọ́n níbi orí rẹ̀. Tiwọn pé. Mo gùn ún jáde, mo wọ jíà kẹrin pẹ̀lú eré díẹ̀, mo wá ṣíná sí i lójijì. Ohùn ẹ́ńjìnì lọ sókè, eré ò tẹ̀lé e. Kílọ́ọ̀ṣì ń yọ̀ lóòótọ́. Ohun tó ń mú un yọ̀ ló kù tí a máa wá.

Títú ọ́ìlì

Mo jẹ́ kí ẹ́ńjìnì ṣiṣẹ́ díẹ̀ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, nítorí ọ́ìlì tó tutù kì í jáde tán. Lábẹ́ ẹ́ńjìnì CG, nọ́ọ̀tì ńlá kan wà tí síbíríǹgì àti àwọ̀n kékeré kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Tí ẹ bá ń tú u, ẹ fọwọ́ tì í dáadáa títí yóò fi jáde, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ síbíríǹgì á ju gbogbo rẹ̀ sínú abọ́ ọ́ìlì gbígbóná.

Ọ́ìlì tó jáde ṣàn bí omi. Ó dúdú, ṣùgbọ́n ìyẹn ò já mọ́ nǹkan kan. Ọ́ìlì tó bá ń fọ ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ dúdú. Ohun tó wà lójú àwọ̀n ni mo dúró lé lórí. Mo gbé e sínú oòrùn: okùn gọ́ọ̀mù pupa wẹ́wẹ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀, gọ́ọ̀mù tí àwọn mẹkáníìkì máa ń fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì. Tí wọ́n bá fi í jù, èyí tó bá yọ sínú á já bọ́, á lọ dí àwọ̀n, ọ́ìlì ò sì ní ráyè gòkè lọ sí orí ẹ́ńjìnì. Ìdá kan nínú mẹ́ta àwọ̀n yìí ti dí. Mo fi òòfà ra ìsàlẹ̀ abọ́. Nǹkan bí ẹrẹ̀ eérú tó rọ̀ ló lẹ̀ mọ́ ọn, kò sí èérún irin tó mú. Èyí tó rọ̀ yẹn kò burú, jíà àti ríǹgì tó ń fara ra nǹkan ló ń mú un wá. Èérún irin tó bá gún ni lọ́wọ́ ni kí ẹ bẹ̀rù.

Mo wá bi Bọ̀dá pé: “Ọ́ìlì wo lẹ dà sí i gbẹ̀yìn, ẹ̀gbọ́n mi?”

“Èyí tí ọmọ mi tó ń wa mọ́tò l’Ékòó fi sílẹ̀ ni. Ó ní ó wọ́n ju ti ọ̀kadà lọ, pé ojúlówó ni.”

Wọ́n gbé ike náà wá, wọ́n sì gbé ìkejì rẹ̀ tí wọn ò tíì ṣí wá pẹ̀lú. Ojúlówó ni lóòótọ́. 5W-30 ni, API SN (API ni ẹgbẹ́ àwọn elépo Amẹ́ríkà tó ń fi lẹ́tà pín ọ́ìlì), ó sì ní àmì róbótó API lẹ́yìn rẹ̀. Nínú àmì róbótó yẹn, lápá ìsàlẹ̀, wọ́n kọ “Resource Conserving” sí i. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ìdí tí ọ́ìlì mọ́tò tó dáa fi lè ba kílọ́ọ̀ṣì ọ̀kadà jẹ́

Nínú mọ́tò, ọ́ìlì ẹ́ńjìnì dá wà, ti jíà dá wà, kílọ́ọ̀ṣì sì gbẹ, ọ́ìlì kì í kàn án. Nínú ọ̀pọ̀ ọ̀kadà wa, ọ́ìlì kan náà ló ń ṣe gbogbo rẹ̀. Òun ló ń rọ písítìn lọ́rùn, òun ni eyín jíà ń lọ̀, inú rẹ̀ náà sì ni pléètì kílọ́ọ̀ṣì ń wẹ̀ sí. Àwọn tó ń ṣe ọ́ìlì mọ́tò fẹ́ kí epo bẹntiróòlù pẹ́, wọ́n wá ń fi kẹ́míkà sí i kí gbogbo nǹkan inú ẹ́ńjìnì lè máa yọ̀ lórí ara wọn. Ìyẹn ni “Resource Conserving” ń sọ. Ti àtijọ́ ń jẹ́ “Energy Conserving”. Iṣẹ́ kílọ́ọ̀ṣì sì ni kó dì mú, kó má yọ̀. Ohun tó ń ṣe mọ́tò lóore ni kò jẹ́ kí ọ̀kadà gun òkè.

Àwọn ará Japáànù, níbi tí Honda, Yamaha, Suzuki àti Kawasaki ti wá, rí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Ní 1998 ni wọ́n gbé òfin JASO T903 jáde fún ọ́ìlì ọ̀kadà (JASO ni ẹgbẹ́ tó ń gbé ìlànà mọ́tò àti ọ̀kadà kalẹ̀ lọ́dọ̀ wọn). Wọ́n pín in sí ọ̀nà méjì. MA ni èyí tí kílọ́ọ̀ṣì inú ọ́ìlì lè dì mú nínú rẹ̀. MB ni èyí tó ń yọ̀ díẹ̀, fún sikúútà tí kílọ́ọ̀ṣì tiẹ̀ gbẹ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún pín MA sí MA1 àti MA2. MA2 ló ń dì mú jù. Fún ọ̀kadà 125cc tí kì í sá eré ìdíje, MA lásán ti tó. Kò sídìí láti san owó lé e torí “2” yẹn tí owó bá ń ká yín lọ́wọ́ kò.

Ṣíṣí ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnì

Nítorí mẹkáníìkì ti dárúkọ pléètì, mo ṣí ìdérí apá ọ̀tún kí ojú mi lè rí i. Pléètì kò jẹ. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun kan tí mo yá ní ṣọ́ọ̀bù, sísanra wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Pléètì onírin ò tíì yí àwọ̀ sí búlúù, ó túmọ̀ sí pé kò tíì jóná. Síbíríǹgì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ga bákan náà. Mo fi bẹntiróòlù fọ àwọn pléètì, mo jẹ́ kí wọ́n gbẹ, mo wá rì wọ́n sínú ọ́ìlì tuntun di ọjọ́ kejì.

Níwọ̀n ìgbà tí ìdérí ti ṣí, mo tú fítà CG náà. Ẹ́ńjìnì yìí kò ní fítà oníbébà. Ohun tó ní ni àwọ̀n tí mo ti sọ, àti ago kékeré kan lórí kíráǹkì tó ń yí pẹ̀lú ẹ́ńjìnì, tó ń fi yíyí rẹ̀ ju ìdọ̀tí sí ara ògiri rẹ̀. Sùkúrúù mẹ́ta ló dé e. Ẹ wo inú rẹ̀: ẹrẹ̀ dúdú tó ti le, tó sanra tó èékánná ọwọ́, yí gbogbo ara rẹ̀ ká. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni mo fi há a kúrò, mi ò fi irin kàn án. Mo nù ún, mo tún un dé. Ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà ló ń pààrọ̀ ọ́ìlì déédéé tí ẹnikẹ́ni ò ṣí ago yìí rí láti ìgbà tí wọ́n ti ra ọ̀kadà.

Mi ò fi kẹrosíìnì fọ inú ẹ́ńjìnì. Mo mọ̀ pé wọ́n ń ṣe é káàkiri: wọ́n á da kẹrosíìnì sínú ẹ́ńjìnì, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, ó di pé kó máa ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Kẹrosíìnì kò lè gbé písítìn, kì í sì í jáde tán. Èyí tó bá kù á bá ọ́ìlì tuntun pò, á sọ ọ́ di nǹkan tó ṣàn. Ọ̀kadà tí a ti ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí a tún dẹ̀ ẹ́ sọ́tùn-ún sósì, ọ́ìlì àtijọ́ ti jáde nínú rẹ̀.

Ní Géètì, níwájú àwọn alọ́ìlì

Ọjà Àràrọ̀mí ní Géètì ni mo lọ. Mi ò ní kọ iye náírà síbí, nítorí kí ẹ tó kà á ó ti yí padà. Ohun tí mo ń fojú wò lára ike ni màá sọ.

Èyí tó wálẹ̀ jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n gbé síwájú mi ni SAE 40 (SAE ni ìwọ̀n tó ń fi nọ́ḿbà sọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó), nọ́ḿbà kan ṣoṣo, àwòrán ọ̀kadà tó ń sáré wà níwájú rẹ̀. Mo yí i sẹ́yìn: API SC/CC. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa yí i sẹ́yìn. S ni ti ẹ́ńjìnì elépo bẹntiróòlù, C ni ti dísẹ́ẹ̀lì. Lẹ́tà tó tẹ̀lé S ló ń sọ ọjọ́ orí ìmọ̀ tí wọ́n fi po ọ́ìlì náà. Bó ṣe ń lọ síwájú nínú ábídí ni ó ń tuntun sí i. API fúnra wọn kìlọ̀ pé SC kò yẹ fún ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì mọ́tò elépo bẹntiróòlù tí wọ́n ṣe lẹ́yìn 1967, pé SF kò yẹ fún èyí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn 1988. SA kò tilẹ̀ ní kẹ́míkà ìdáàbòbò kankan nínú. Honda sì ń sọ nínú ìwé ọ̀kadà wọn pé láti orí SG lọ sókè ni kí èèyàn lò. Ẹni tó ra SC lónìí ra ọ́ìlì tí wọ́n pò bíi ti ayé àwọn bàbá wa, kò sì jèrè owó tó dín kù.

Ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, fúlì sìǹtẹ́tíìkì 5W-40 tó ní MA2. Kò sí àléébù kankan lára rẹ̀. Owó rẹ̀ ju ìlọ́po méjì ti lásán lọ. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí owó yẹn ń rà. Nọ́ḿbà tó ṣáájú W ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ń ṣe nínú òtútù. 20W ni èyí tí wọ́n dán wò kí ẹ́ńjìnì lè yí ní ìwọ̀n òtútù 15 sísàlẹ̀ òdo. 5W lè ṣe é ní 30 sísàlẹ̀ òdo. Ní Ìbàdàn, ọyẹ́ tó le jù lọ kò sún mọ́ òdo rárá. Owó tí a bá san lórí 5W, òtútù tí kò ní dé láéláé la san án fún.

Nọ́ḿbà tó tẹ̀lé W ni tiwa. Òun ló ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó nígbà tí ẹ́ńjìnì bá gbóná dé 100°C. 50 ki ju 40 lọ, 40 ki ju 30 lọ. Ẹ́ńjìnì tí afẹ́fẹ́ ń tu lára, tó gbé gàrí, tó wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìwó Road lọ́sàn-án gangan, ó nílò 40 tàbí 50. Ohun kan tún wà: láti lè jẹ́ 5 ní òtútù kó sì jẹ́ 50 ní ooru, wọ́n ní láti fi kẹ́míkà amúkì púpọ̀ sí i, eyín jíà sì ń gé kẹ́míkà yẹn wẹ́wẹ́. 20W-50 kò nílò rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, nítorí epo tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti ki tẹ́lẹ̀. Ọ́ìlì tówó rẹ̀ kéré lè tipa bẹ́ẹ̀ dúró pẹ́ nínú jíà ọ̀kadà ju bí èèyàn ṣe rò lọ.

Àwọn kan á ní sìǹtẹ́tíìkì ń pẹ́ kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀. Nínú ẹ́ńjìnì tó ní fítà gidi, bẹ́ẹ̀ ni. Nínú CG tó jẹ́ pé àwọ̀n àti ago nìkan ló ní, ìdọ̀tí kílọ́ọ̀ṣì, erùpẹ̀ oko àti bẹntiróòlù tó ń yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ríǹgì ló ń ba ọ́ìlì jẹ́, wọn ò sì bìkítà bóyá ó wọ́n tàbí kò wọ́n. Kí n pààrọ̀ lásán lẹ́ẹ̀mejì, kí ìdọ̀tí jáde lẹ́ẹ̀mejì, ni mo fara mọ́.

Ohun tí mo rà: 20W-50 lásán, API SL, JASO MA, ike lítà kan. Ṣọ́ọ̀bù ilé epo ni mo ti rà á nígbẹ̀yìn, mi ò rà á nínú ọjà. TotalEnergies, 11 Plc tó ń ta Mobil, Conoil àti Ardova wà lára àwọn tó ń po ọ́ìlì nílẹ̀ wa níbí, wọ́n sì ní ilé epo tiwọn. Ìrìn tí ike ń rìn kó tó dé ọwọ́ yín kúrú. Mi ò ní kí ẹ tẹ̀lé orúkọ kan. Lẹ́tà ẹ̀yìn ike ni kí ẹ tẹ̀lé.

Lórí ayédèrú: wọ́n ń ṣa ike òfìfo, wọ́n ń sẹ́ ọ́ìlì kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù, wọ́n ń rọ ọ́ padà sínú rẹ̀. Kí ẹ wo òrùka ìdérí bóyá ó ti já, kí ẹ wo bébà fàdákà abẹ́ ìdérí bóyá ó lẹ̀ mọ́ ẹnu ike yípo, kí ẹ wá nọ́ḿbà tí wọ́n tẹ̀ sára ike, bóyá ó ṣeé fi èékánná pa rẹ́. Àmì JASO tó péye jẹ́ àpótí kékeré: nọ́ḿbà gígùn kan wà lókè, MA nísàlẹ̀, pẹ̀lú ìlà tó ń sọ pé ilé-iṣẹ́ náà ló dúró fún un. Tí ẹ bá ti ṣí i, ẹ kán ẹ̀kán kan sórí bébà funfun, kí ẹ fi í sílẹ̀ di àárọ̀. Tuntun á tàn ká ní àwọ̀ oyin láìní ojú dúdú láàárín. Èyí tí wọ́n sẹ́ á fi òrùka eérú hàn. Ẹ kán òmíràn sórí irin gbígbóná: tó bá ń ta pàrà, omi wà nínú rẹ̀. Tèmi tàn ká láìní òrùka, kò sì ta. Lẹ́yìn tí mo lò ó tán, mo fi ọ̀bẹ gún ike náà kó má baà bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń ṣa á.

Dídà á sí i, àti òkè Mápó

Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun, láìsí gọ́ọ̀mù. Mo fi àrọ dà á sí i díẹ̀díẹ̀. Ẹ́ńjìnì CG kì í gba lítà kan tán nígbà tí a bá pààrọ̀ ọ́ìlì lásán, ṣùgbọ́n nítorí mo ti ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á tán. Gééjì ni yóò sọ. Ọ̀kadà gbọ́dọ̀ dúró gangan lórí ìdúró rẹ̀ ńlá. Mo jẹ́ kó ṣiṣẹ́ díẹ̀, mo pa á, mo dúró fún ìṣẹ́jú méjì mẹ́ta, mo nu gééjì, mo ti í bọlẹ̀ láì lọ́ ọ wọlé, mo yọ ọ́ wò. Àárín ìlà méjèèjì ló wà. Èyí tó bá ju ìlà òkè lọ á máa gba ojú ihò èémí jáde, owó ló ń dà nù yẹn.

A di àpò gàrí kan mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, a wá gba Bẹẹrẹ lọ sókè Mápó. Gígùn àkọ́kọ́, ó yọ̀ díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, ìyẹn ni mo retí, nítorí kẹ́míkà ọ́ìlì mọ́tò kì í jáde lára pléètì tán lẹ́ẹ̀kan náà. Bọ̀dá tún gùn ún láti ìsàlẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, pẹ̀lú jíà kẹta, ó mú òkè náà láìké, ohùn àti eré ń lọ pọ̀. Wọ́n sọ̀kalẹ̀, wọ́n ní: “Owó pléètì wà lápò mi.”

Sikúútà Àǹtí

Èyí ò gba àkókò. Àǹtí wa tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ra sikúútà kan láti Àjàṣẹ́, sikúútà aláìníjíà, bẹ́líìtì ló ń gbé taya, kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sì gbẹ. Alọ́ìlì kan ti ń ta MA2 fún wọn pẹ̀lú owó gọbọi. Wọn ò nílò rẹ̀. Ìwé sikúútà wọn sọ 10W-30 àti MB. 5W-30 tí Bọ̀dá ò tíì ṣí, tó ń ba kílọ́ọ̀ṣì ọ̀kadà jẹ́, kò ní nǹkan kan tó fẹ́ bàjẹ́ níbí: nígbà tí ẹ́ńjìnì bá gbóná, 30 ni 30. Òun ni mo dà sí i, ìyẹn ò sì tó lítà kan. Mo tún pààrọ̀ ọ́ìlì jíà kékeré tó wà níbi taya ẹ̀yìn. Kò ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lítà lọ, àwọn tó ń lo sikúútà sì máa ń gbàgbé rẹ̀ pátápátá títí bẹ́ẹ̀rìǹnì á fi máa hu.

Ọ́ìlì dúdú tó kù, àti ìgbà tí a ó tún pààrọ̀

Ọ́ìlì kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù wà nínú kẹ́ẹ̀gì kan. Mi ò dà á sí gọ́tà, kànga àdúgbò ò jìnnà síbẹ̀. Káfíńtà tó ń ṣe òrùlé ládùúgbò ló gbà á, ó máa ń fi kun igi kí ikán má baà jẹ ẹ́.

Mítà ọ̀kadà Bọ̀dá ti kú tipẹ́, kò sì sí bí wọ́n ṣe máa mọ ìgbà tí kìlómítà 1,500 pé. Mo bá wọn ṣírò rẹ̀ sórí epo. Lítà bẹntiróòlù kan ń gbé irú ọ̀kadà yìí lọ tó kìlómítà 35 sí 40 pẹ̀lú ẹrù. Tí wọ́n bá ti ra lítà 40, ó ti tó àkókò, ìbáà jẹ́ pé ọ́ìlì ṣì dà bí ẹni pé ó dáa. Wọ́n ń kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n fi ń kọ iye àpò gàrí, lítà kan ìlà kan. Nígbà tí ìlà bá pé 40, màá tú nọ́ọ̀tì ńlá yẹn, kí n wo àwọ̀n bóyá gọ́ọ̀mù pupa ṣì kù sínú ẹ́ńjìnì.